Ẹsẹ̀ yìí ò tẹ̀lé ọwọ́

Ọjọ́ kẹta tí mo bímọ ni ìyá ọkọ mi gúnlẹ̀ sí Ìkẹ́rẹ́ láti Ìjerò, àwọn àti báàgì Ghana-Must-Go kan tó kún fún kànrìnkàn, ọṣẹ dúdú, òrí àti ìgò àdín. Ẹ ò lè sọ fún ìyá àgbà Èkìtì pé nọ́ọ̀sì ti wẹ ọmọ, ọmọ tí wọn ò bá tíì fọwọ́ ara wọn wẹ̀ kò tíì wẹ̀ lójú tiwọn. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n tẹ́ ọmọ sí i, wọ́n ń bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lára, wọ́n ń kọrin lábẹ́nú. Orí lọ dáadáa. Ẹ̀yìn lọ dáadáa. Ìgbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ tí wọ́n fẹ́ nà án bí wọ́n ṣe máa ń na ti gbogbo ọmọ, ọwọ́ wọn dúró, orin náà dúró. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀, wọ́n mú tòsì, wọ́n tún padà sí tọ̀tún. Wọ́n wá wojú mi, wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹsẹ̀ yìí ò tẹ̀lé ọwọ́."

Mo ti mọ̀. Àtìgbà tí wọ́n ti gbé e lé mi láyà ní ilé ìgbẹ̀bí ni mo ti rí i, mo kàn ń fi aṣọ bò ó ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì kọjú síra wọn bí ẹni fẹ́ pàtẹ́wọ́, gìgísẹ̀ fà sókè, ó le bí igi. Ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì dì, àtàǹpàkò wà nínú àtẹ́lẹwọ́, àwọn ìka yòókù gun ara wọn, gbogbo wọn dorí kọ apá ibi tí ọmọńdinrín wà, tẹ́ ẹ bá tú ọ̀kan sílẹ̀, bẹ́ ẹ bá ti jọ̀ọ́ lọ́wọ́ báyìí ó tún ti ká padà. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé bó ṣe ká jókòó nínú ikùn ni, á tọ́ fúnra ẹ̀ tó bá ń dàgbà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí mi, mo dì í mú, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko sì lọ mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́.

(Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ níbí o. Á dàgbà, tó bá wù ú á fẹnu ara ẹ̀ sọ ìtàn ara ẹ̀.)

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí lónìí ni pé obìnrin kan ní Ìkọ̀lé fi fọ́tò ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ oṣù méjì, ẹsẹ̀ yẹn gan-an, ọwọ́ yẹn gan-an, ó ní ẹnì kan sọ fún òun pé kóun dúró dìgbà tí ọmọ bá pé ọdún kan kóun tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ti dá a lóhùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni wọ́n ń sọ irú ẹ̀ fún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi dúró yẹn, ẹ ò ní mọ iye nǹkan tí mo gbọ́. Ẹnì kan ní mo rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tí mo lóyún. Ẹlòmíì ní ó dájú pé mo ti fi aláàbọ̀ ara rẹ́rìn-ín rí. Ìyá àdúgbò kan ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí èèyàn ṣẹlẹ́yà ẹ̀, pé ẹni òrìṣà ni, èyí tiẹ̀ ní ìfẹ́ nínú. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo wà nínú yàrá, ìyá ọkọ mi wà ní pálọ̀ tí wọ́n ń bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Kò sírú ẹ̀ nílé tiwa o, bóyá nílé ìyàwó." Mo kọjú sí ògiri, mo fún ọmọ mi lọ́mú.

Wọ́n sì ti ń wá teguntegun. Mi ò ní tàbùkù àwọn teguntegun, iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà níbẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀, ṣùgbọ́n eegun tó dá lọ́tọ̀, oríkèé tó gan láti inú oyún lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá fi ọparun di ẹsẹ̀ ọmọ ìkókó pinpin, tó bá fún jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá, ẹran ibẹ̀ á kú, ẹsẹ̀ tí ì bá tọ́ á wá di ẹsẹ̀ tí wọ́n máa gé, ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ nílẹ̀ wa níbí. Nǹkan kejì tí mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn ni pé eegun ọmọ tí ò lè tapá tasẹ̀ nínú oyún kì í nípọn, tẹ́ ẹ bá fipá na oríkèé ẹ̀, eegun ló máa ṣẹ́, oríkèé ò ní nà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Adó ló gbà mí. Ó wá kí wa ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ṣí aṣọ ọmọ, kò tiẹ̀ jókòó, ó ní, "Ta ló ní kó o dúró?" Lọ́jọ́ kejì a ti wà lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń rí dókítà eegun, èmi, ọkọ mi, àti ìyá ọkọ mi tí wọ́n ní àwọn ò ní fi ọmọ àwọn sílẹ̀.

Dókítà náà ò ju ẹgbẹ́ mi lọ. Kò fọwọ́ kan ọmọ fún ìgbà díẹ̀, ó kàn ń wò ó. Ó ní kí n bọ́ gbogbo aṣọ ẹ̀. Ó wo ìbàdí, ó wo orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́, ó fi ìka tọ ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ láti ọrùn dé ìdí, ó wò ó bóyá ẹnu ẹ̀ ń là dáadáa. Mo rò pé ó máa wá bi mí léèrè nǹkan tí mo jẹ nígbà oyún. Ọkọ mi ló yíjú sí, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ yín méjèèjì lé tábìlì, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ."

Ọkọ mi gbé e lé e. Kò tẹ́. Ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e, lọ́tùn-ún lósì, ká díẹ̀ láàárín, àyè wà lábẹ́ wọn bí abẹ́ afárá, bírò á gba ibẹ̀ kọjá. Mo mọ ọwọ́ yẹn o, ọwọ́ tí mo ti dì mú fún ọdún mẹ́rin, mo rò pé ọkọ́ àti àdá ló ṣe é bẹ́ẹ̀ torí oko ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, òun náà rò bẹ́ẹ̀. Dókítà bi í bóyá ẹlòmíì ní irú ẹ̀ nílé wọn, ó ronú títí, ó ní bàbá òun, tí wọ́n ti ṣaláìsí, ọwọ́ wọn ò tẹ́ rí láti kékeré, pé tí wọ́n bá ń fọwọ́ bu omi mu lódò, omi kì í jò dànù lọ́wọ́ wọn, àwọn ẹgbẹ́ wọn a máa yọnu sí i. Ìyá ọkọ mi jókòó lẹ́yìn wa. Ọwọ́ ọkọ àwọn lọkọ mi ń sọ yẹn. Wọn ò sọ nǹkan kan.

Ìgbà tá a jáde tá à ń dúró de mọ́tò Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n so ọ̀já, wọ́n ní, "Ìyàwó, má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn." Mi ò mọ̀ pé wọ́n mọ̀ pé mo gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí dókítà ṣe là á yé wa, torí àìmọ̀ yẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Orúkọ tó pè é ni arthrogryposis. Èdè Gíríìkì ni, kò ju oríkèé tó ká kò lọ. Kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo, orúkọ gbogbogbòò ni, oríṣiríṣi nǹkan tó lé ní 400 ló lè bá a rìn, tẹ́ ẹ bá sì kó gbogbo wọn pọ̀, nínú bí ọmọ 3,000 tí wọ́n bá bí, ọ̀kan ló máa ń bá a wáyé. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé ọmọ ò mira tó nínú oyún. Inú ikùn lọmọ ti ń ta ẹsẹ̀, ń di ẹ̀ṣẹ́, ń na ara ẹ̀, mímira yẹn ló ń jẹ́ kí oríkèé rọ̀ bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì lójoojúmọ́. Tí kò bá mira, nǹkan tó yí oríkèé ká á nípọn, á gan, iṣan á kúrú, bí wọ́n ṣe máa bí i náà nìyẹn.

Èyí tó mú tiwa, distal ni wọ́n ń pè é, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń mú jù, ó máa ń fi èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àjogúnbá ni. Àwọn àbùdá kan (gene lóyìnbó, ohun inú ara tá à ń jogún lọ́dọ̀ òbí) wà tó ń darí bí iṣan ṣe ń fún tó sì ń tú, àwọn bíi TPM2 àti MYH3, tí ẹyọ kan bá ti ní àléébù láti ọ̀dọ̀ òbí kan, ó ti tó. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí òbí yẹn bá bí, ìdajì ìdajì ni, bí awẹ́ obì tá a jù sílẹ̀, ó lè ṣíjú, ó lè dojú délẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ jù ò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú èyí tó ń bọ̀. Nínú ilé kan náà ẹnì kan á ní ìka méjì tó ká díẹ̀, á fi ro oko, á fi kọ́lé, kò ní mọ̀ títí á fi dàgbà, ọmọ ẹ̀ á wá gbé ti ọwọ́ tẹsẹ̀ wá. Kì í ran èèyàn. Kì í mú ọpọlọ. A ò tiẹ̀ ṣe àyẹ̀wò àbùdá ọ̀hún, owó ẹ̀ ò sí lọ́wọ́ wa, dókítà ní ọwọ́ bàbá àti ọwọ́ ọmọ ti tó òun láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, dókítà ọmọ Spéènì kan tó ń jẹ́ Ignacio Ponseti ló gbé e kalẹ̀. Wọ́n bí i ní 1914 ní erékùṣù Menorca, ó tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ nígbà ogun abẹ́lé Spéènì, ó gba Mẹ́síkò kọjá kó tó dé Iowa ní Amẹ́ríkà ní 1941, ibẹ̀ ló wà títí tó fi kú ní 2009. Ìgbà yẹn abẹ ni wọ́n fi ń ya ẹsẹ̀ àwọn ọmọ báyìí, tí wọ́n bá dàgbà ẹsẹ̀ á gan, á máa ro wọ́n. Bàbá yìí ní kò pọn dandan, ó ní ẹsẹ̀ ọmọ ìkókó á gbọ́ràn tí ọwọ́ tó mú un bá mọ ibi tó ń lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ò fi kà á sí. Àfìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé tí àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara wọn ni ọ̀nà ẹ̀ tó tàn ká ayé. Mo máa ń rántí ìyẹn tí mo bá ń kọ nǹkan síbí.

Mo retí pé dókítà máa fa ẹsẹ̀ ọmọ mi, mo ti di ojú mi. Kò fà á. Ó fi àtàǹpàkò ẹ̀ kan ti orí eegun kékeré kan lápá ìta, níwájú kókósẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì gbé iwájú ẹsẹ̀, ó ń tì í síta díẹ̀díẹ̀, kò kan gìgísẹ̀ rárá, ó dúró síbẹ̀, ó jọ̀ọ́, ó tún ṣe é. Ọmọ mi ń mu ọmú lọ́wọ́, kò sunkún. Ibi tí ẹsẹ̀ bá gbà á dé lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n máa fi POP (báńdéèjì ẹfun tó máa ń le gbagidi tó bá gbẹ) dì í sí, láti ìdí ìka ẹsẹ̀ títí dé òkè itan, orúnkún á tẹ̀ bí igun àpótí. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì iṣan á ti jọ̀wọ́ díẹ̀ sí i, wọ́n á tú u, wọ́n á tún tì í síwájú, wọ́n á tún dì í.

Báyìí la ṣe di ará ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Adó ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí mo ti gbé bèsììnì sílẹ̀, omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ọmọ á wà nínú ẹ̀ títí POP á fi rọ̀, èmi á máa wá etí báńdéèjì, tí mo bá ti rí i màá máa tú u bí ẹni ń tú irun dídì, omi á funfun bí ògì. Abẹ́ ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọmọ mi wà, ó rọ̀, ó ń rùn díẹ̀, gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń yàtọ̀. Màá yára wẹ̀ ẹ́, ká tó gbọ́ ìró kọ̀ǹdọ́ mọ́tò àkọ́kọ́. Mo ń pọ̀n ọ́n lọ, ẹsẹ̀ POP méjèèjì á yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí apá kẹ̀kẹ́, àwọn èèyàn á máa wò wá, ẹlòmíì á ní "pẹ̀lẹ́ o, jàǹbá mọ́tò ni?" Wọ́n ti kọ́ mi pé kí n máa wo ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, pé tí mo bá tẹ̀ ẹ́ kó funfun kó sì tètè pọ́n padà, tó bá wú, tó bá dúdú, tó bá tutù, tàbí tí ìka bá ń wọlé sínú POP lọ tí mi ò rí i mọ́, kí n má dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọmọ tí ẹsẹ̀ nìkan ló ká sínú, tí kò sí nǹkan míì lára ẹ̀ (ìyẹn pọ̀ o, bí ọ̀kan nínú 1,000), POP márùn-ún tàbí mẹ́fà lè tó o. Tiwa gba mẹ́sàn-án. Dókítà ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé irú ẹsẹ̀ yìí le ju tàwọn yòókù lọ, á pẹ́, á sì máa fẹ́ padà, kò tàn wá. Ìkẹyìn ni iṣan tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀, òun ló ń fa gìgísẹ̀ sókè bí okùn garawa. Wọ́n fi oògùn pa ibẹ̀ kú, wọ́n fi abẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gé e, ojú ẹ̀ ò tó nǹkan. Mo ní, "Dókítà, tẹ́ ẹ bá gé e, kí ló máa fi rìn?" Ó ní iṣan ọmọdé á so padà, á gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí POP ìkẹyìn fi máa wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ló máa fi ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọjọ́ tí wọ́n tú u, àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ mi kọjú sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ìyá ọkọ mi fi àtẹ́lẹwọ́ wọn gbé e, wọ́n ní, "Ó dúró. Ẹ wò ó, ó dúró."

A rò pé ó ti parí nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bàtà méjì ni, wọ́n fi irin so wọ́n pọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì á kọjú síta. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wákàtí 23 lójúmọ́, wákàtí kan tó kù la fi ń wẹ̀. Lẹ́yìn náà alẹ́ àti ìgbà tó bá sùn lọ́sàn-án, títí di bí ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún. Ọdún o. Nígbà tí ọmọ mi pé oṣù mẹ́rìnlá, ó ń dìde dúró, ó ń di àga mú rìn, ẹsẹ̀ ẹ̀ rẹwà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ọyẹ́ sì mú gan-an, ara ẹ̀ gbẹ, gbogbo òru ló fi ń sunkún pé ká bọ́ bàtà. A lọ ṣọdún ní Ìjerò, àlejò kún ilé, mo bọ́ ọ fún alẹ́ kan kí àwọn èèyàn lè sùn. Alẹ́ kan di ọ̀sẹ̀ kan. A padà sí Ìkẹ́rẹ́, mo ní ó ti mọ́ ọn lára láìwọ̀ ọ́, jẹ́ kó sinmi. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mo rí i pé gìgísẹ̀ ọ̀tún ò balẹ̀ dáadáa mọ́, etí ẹsẹ̀ ló fi ń tẹlẹ̀. Mo gbé bàtà jáde, kò wọ̀.

Mo sunkún dé Adó. Dókítà ò bínú sí mi, ó ní POP la máa padà sí, mẹ́rin, ká tún bẹ̀rẹ̀ bàtà. Ó ní nǹkan tó ká ẹsẹ̀ yẹn kò lọ síbì kankan, inú ara ọmọ ló wà, POP gbé ẹsẹ̀ wá síbi tó yẹ ni, bàtà ló ń dì í mú síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé ìdí bàtà, ẹ má bọ́ ọ. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì ni pé mo sọ ọ́ di nǹkan tí à ń ṣe lẹ́yìn àdúrà alẹ́, ojoojúmọ́, kò sí ọdún kò sí àlejò. Ìbọ̀sẹ̀ òwú tí ò ní ìránṣọ nínú. Gìgísẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó fa okùn, okùn àárín lẹ máa kọ́kọ́ fà. Tí ara bá pọ́n, ẹ má fi òrí tàbí ìpara sí i lábẹ́ bàtà, á tún jẹ́ kó máa yọ̀ kó máa bó sí i, ẹ padà lọ bá wọn kí wọ́n wò ó.

Ó ku ọwọ́. Ọwọ́ ni mo fẹ́ràn láti máa sọ jù, torí kì í ṣe dókítà ló ṣe é.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rán wa lọ sọ́dọ̀ físíò, ẹni tó ń fọwọ́ na oríkèé àti iṣan níléèwòsàn, arábìnrin náà bi mí pé ta ló ń wẹ ọmọ nílé. Mo nawọ́ sí ìyá ọkọ mi. Mo rí i tí ojú wọn le, wọ́n rò pé wọ́n máa ní káwọn má fọwọ́ kan ọmọ mọ́. Arábìnrin yìí gbọ́n, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní, "Màmá, ẹ wá fi bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe é hàn mí." Wọ́n fi hàn án. Ó yọ nǹkan méjì péré kúrò nínú ẹ̀: jíju ọmọ sókè àti fífi apá kan gbé e rọ̀, ó ní oríkèé ọmọ yìí ò gbà á. Gbogbo èyí tó kù ó ní kí wọ́n máa ṣe é lọ, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn, òrí yẹn, ó ní àwọn náà níléèwòsàn ohun tí wọ́n ń wá ni kí ara ọmọ móoru kí wọ́n tó nà án. (Mo ṣì fẹ́ gbé e lọ Ìkógòsì lọ́jọ́ kan kó fi ọwọ́ sínú omi gbígbóná ọ̀hún, èmi náà ò tíì débẹ̀ láti ìgbà iléèwé.) Ó wá kọ́ wọn ní èyí tí wọn ò mọ̀: kí wọ́n má fa ìka láti orí, kí wọ́n di eegun tó wà lókè oríkèé mú ṣinṣin kí wọ́n tó rọra ti èyí tó wà nísàlẹ̀, ìka kan lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n dúró síbi tó bá ti fẹ́ máa le, kí wọ́n ka ogún, kí wọ́n tó jọ̀ọ́. Kí ọmọ má sunkún. Tó bá sunkún, ó ti pọ̀ jù. Ìgbà mẹ́rin, márùn-ún lójúmọ́. Lálẹ́ kí wọ́n fi ike pẹlẹbẹ kan tó bá ọwọ́ ẹ̀ mu dì í.

Ìyá ọkọ mi ti ń wẹ ọmọ láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe jókòó bí ọmọ iléèwé. Láti ọjọ́ yẹn, ilé wa di ilé kíkà. "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin..." láàárọ̀, lọ́sàn-án, nígbà tí mo bá ń se ọbẹ̀ lẹ́yìn ilé màá máa gbọ́ ọ, "...oókàndínlógún, ogún, ó yá ìyá mi, mú ìkejì wá." Wọ́n yẹ kí wọ́n padà sí Ìjerò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọdún méjì ni wọ́n lò. Ní oṣù kẹjọ, ìka ìfábẹ̀là ọwọ́ òsì kọ́kọ́ nà tó fi tọ́ka sí adìyẹ. Wọ́n pariwo débi pé àwọn aládùúgbò jáde.

Àtàǹpàkò ọ̀tún nìkan ló kọ̀ jálẹ̀, awọ ibẹ̀ kúrú jù, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, wọ́n tú u kúrò nínú àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ ṣe irú ẹ̀, ẹ rí dókítà tó máa kun ọmọ lóorun ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ sọ orúkọ àìsàn náà fún un kó yé e, torí nínú àwọn irú kan, ẹnu ọmọ kì í là dáadáa láti ti ọ̀pá èémí wọlé, àwọn kan sì wà tí àwọn oògùn oorun kan ò bá lára mu.

Mo fẹ́ sọ ti ìyá kan tá a jọ máa ń pàdé lórí ìlà, torí kí ẹlòmíì má ka tiwa kó rò pé tòun náà nìyẹn. Ọmọkùnrin tiẹ̀, èjìká, ìgbọ̀nwọ́, ọrùn ọwọ́, gbogbo ẹ̀ ló mú, ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì nà gbọọrọ, kò ká. Amyoplasia ni wọ́n pe tiẹ̀, òun ló pọ̀ jù nínú gbogbo wọn, kì í sì í ṣe àjogúnbá ní tiẹ̀, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bàbá tàbí ìyá. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún un yàtọ̀: kí ìgbọ̀nwọ́ lè ká ni wọ́n ń wá, kí ọwọ́ lè dé ẹnu. Ìyá ẹ̀ sọ fún mi pé dókítà ní nígbà míì àwọn lè fi ọwọ́ kan sílẹ̀ ní nínà, kí èyí tó ká máa jẹun, kí èyí tó nà lè máa dé ìdí tó bá lọ yàgbẹ́. Mi ò tíì ronú kan ìyẹn rí láyé mi. Kì í ṣe kí ọmọ lè dúró dáadáa nínú fọ́tò ni wọ́n ń lé, kó lè dá ìdí ara ẹ̀ nù ni. Ọmọ ọ̀hún fúnra ẹ̀, nígbà tí wọn ò tíì ṣe nǹkan kan, ó ti rí ọgbọ́n dá: á gbé apá lé etí tábìlì, á fi àyà tì í síwájú, apá á ká, búrẹ́dì á dé ẹnu. Ọmọ ọdún méjì! Mo jókòó tì í, mo ń wò ó, mi ò mọ̀gbà tí wọ́n pe orúkọ wa.

Tiwa ti di ọmọ ọdún márùn-ún ààbọ̀. Ó ń rìn, ó ń sáré bó tiẹ̀ jẹ́ pé kì í pẹ́ rẹ̀ ẹ́, ó ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn iléèwé wọn níbi tá a ti ń rí òkè Olósùnta. Mo fi aṣọ wé pẹ́ńsù ẹ̀ kó lè nípọn lọ́wọ́ ẹ̀, tíṣà ẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọńdinrín ẹ̀ méjèèjì ṣì ká, wọ́n jọ ti bàbá ẹ̀. Àmọ́ iyán, ó ń bù ú fúnra ẹ̀, ó ń yí òkèlè, ó ń fi àtàǹpàkò tí wọ́n tú yẹn tẹ àárín ẹ̀ kó lè bu ọbẹ̀ ẹ̀fọ́.

Obìnrin Ìkọ̀lé, mo ti sọ fún ọ, màá tún sọ ọ́ níbí kí ẹlòmíì lè rí i kà: ọ̀sẹ̀ yìí ni kó o gbé e lọ. Èkìtì níbí náà ni, teaching hospital wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, ibi tí wọ́n ti ń rí dókítà eegun ni kó o béèrè, kó o sì béèrè físíò. Oṣù méjì ò tíì pẹ́. Kódà ọmọ tó ti ń rìn, wọ́n ṣì ń ṣe é fún un, ó kàn máa ń gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Mú bàbá ọmọ dání, kí wọ́n lè wo ọwọ́ ẹ̀.

Lánàá, lẹ́yìn tá a jẹun alẹ́ tán, mo wà nídìí abọ́, mo gbọ́ tó ń kà ní pálọ̀. Mo rò pé bèbí ẹ̀ ló ń bá ṣeré. Ìgbà tí mo yọjú, orí ẹsẹ̀ bàbá ẹ̀ ló jókòó sí, ó ti bu òrí sọ́wọ́, ó di ọmọńdinrín bàbá ẹ̀ mú lókè oríkèé bí ìyá àgbà ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́, ó ń rọra ti ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ìka yẹn ò lè nà mọ́, ọgbọ̀n ọdún ó lé ni, bàbá ẹ̀ mọ̀, èmi náà mọ̀. Ọkọ mi fi orí ti àga, ó gbé ọwọ́ sílẹ̀ fún un. Ó kà á dé ogún, ó ní, "Dádì, ó yá, ẹ mú ìkejì wá."